Ẹsẹ̀ Rẹ àti Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Alájùé, lẹ́bàá Ẹdẹ.

Àníkẹ́ mi,

Ara gbogbo wa le nílé. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn, kí àyà rẹ má baà já nígbà tí o bá rí i pé bàbá rẹ, tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ kì í ju ìlà méjì lọ, ló jókòó kọ ìwé gbọọrọ báyìí. Ìyá rẹ wà dáadáa. Àwọn àbúrò rẹ ń lọ síléèwé. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, akọ kan, abo kan. Kò sí ẹni tó kú.

O sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ pé wọ́n ti fún ọ ní tábìlì tìrẹ ní iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó gbà ọ́ síṣẹ́ n'Íbàdàn, àti pé àwọn tí ọkọ̀ gbá lójú títì ni ìwọ yóò máa gba ìwé lọ́wọ́ wọn. O ń rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ ò rí i, Bàbá, èmi tí ọkọ̀ gbá ni wọ́n ní kí n máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ọkọ̀ gbá." Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè jẹun. Ìyá rẹ bi mí pé kí ló dé. Mo ní ata ló pọ̀ nínú ọbẹ̀.

Ata kọ́. Ohun kan wà nípa ẹsẹ̀ rẹ tí mo ti gbé pamọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Lọ́jọ́ kan, ní tábìlì rẹ yẹn, wàá bi bàbá ọmọ kan pé, "Ta ló wà pẹ̀lú ọmọ yìí nígbà tí ọkọ̀ gbá a?" Wàá sì rí bí ojú bàbá náà ṣe máa rí. Mo fẹ́ kí o ti gbọ́ tèmi kí ọjọ́ yẹn tó dé. Bóyá lẹ́yìn tí o bá kà á tán, o ò ní gbé ìpè mi mọ́. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣáà kọ́kọ́ kà á tán. O mọ̀ pé orí mi le, ẹ̀bẹ̀ kì í yá mi lẹ́nu, nítorí náà ìmọ̀ràn ni màá máa gbà ọ́ bí mo ṣe ń lọ. Inú ìmọ̀ràn yẹn ni kí o ti wá ẹ̀bẹ̀ mi.

Ohun tí o mọ̀ ni pé ọmọ ọdún méje ni ọ́, o sáré sọdá títì ní oríta Sekọ́nà, bọ́ọ̀sì akérò kan sì gbá ọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú agboolé nìyẹn. Tí ẹ̀yin ọmọdé bá ń ṣeré, tí ẹnì kan bá ń sáré jù, àwọn ìyá á ní, "Rọra o, kí o má lọ ṣe bíi Mùínátù." Ìwọ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo máa ń wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, mo ń ro ilẹ̀ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ń gbọ́ ọ, mi ò sì ní sọ̀rọ̀. Màá padà síbẹ̀.

Jẹ́ kí n ti orí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́ wà. Dẹ́rẹ́bà tó gbá ọ kò sá lọ. Ó gbé ọ sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ní òun ń gbé wa lọ sí ọsibítù. Èmi ni mo ní ká má lọ. Mo ní wọ́n máa gé ẹsẹ̀ ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà ní iléèwé abúlé, mo sì rò pé mo gbọ́n ju gbogbo dókítà tó wà nílẹ̀ Yorùbá lọ. Mo ní kó gbé wa lọ sí ìlú Ara, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun.

Bàbá náà ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, ó fi igi dè é, ó wá fi igi di ẹsẹ̀ tìrẹ náà. Ó ní ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni ọmọ máa rìn. Adìẹ rìn. Ó rìn geere, kódà ó yé ẹyin. Ìwọ ni mo pọ̀n kúrò ní Ara lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ kúrú ju ti òsì lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ lọ́jà lọ́dún yẹn, Àníkẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ mi sì wọ́ lójú wọn.

Mi ò bú bàbá yẹn. Ohun tó mọ̀ ló ṣe, ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kì í kọ ìwé. Kò sí káàdì, kò sí àwòrán eegun, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mùínátù fara pa rí. Àwọn bíi tèmi máa wá bá ọ. Wọ́n á fi àpá hàn ọ́, wọn ò ní ní ìwé. Má ṣe pa fáìlì dé mọ́ wọn lójú. Bi wọ́n pé ta ló to eegun náà, níbo, ta ló ń gbé oúnjẹ wá fún aláìsàn. Ní kí wọ́n lọ ya àwòrán eegun náà nísinsìnyí, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Eegun kì í gbàgbé ibi tó ti ṣẹ́. Ẹni tí ìyà jẹ tí kò ní ìwé, ìyà náà ṣì jẹ ẹ́.

Èkejì ni ti ẹ̀bẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Àwọn ọlọ́pàá gbẹ́sẹ̀ lé bọ́ọ̀sì náà. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo kúrò ní Ara láàárọ̀, mo fi ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ, mo dé àgọ́ wọn. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni Alífà tó sọ ọ́ lórúkọ, kí Ọlọ́run forí jì í. Àwọn ọkùnrin onímọ́tò méjì ni wọ́n lọ gbé e wá láti ilé. Wọ́n ti ṣèwádìí ẹni tí mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú wọn ni bàbá arúgbó kan tó ń wúkọ́, tí wọ́n ní òun ni bàbá dẹ́rẹ́bà.

Alífà ní, "Gàníyù, ẹnu mi yìí ni mo fi pe orúkọ sí ọmọ yẹn létí. Ṣé ẹnu kan náà ni wàá jẹ́ kó bẹ̀ ọ́ lásán?"

Kí n tó fèsì, bàbá arúgbó yẹn ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Àgbàlagbà tó tó bàbá mi í bí. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹni tó ń bẹ̀ mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ má ṣe é mọ́, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní òun ò dìde àfi tí mo bá dárí ji ọmọ òun. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ́tò wá sọ gbólóhùn tí wọ́n máa ń sọ, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Mo ti ro òwe yẹn títí. Mi ò mọ dẹ́rẹ́bà yẹn rí. Mi ò mọ ilé bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn mi ò tún rí i mọ́. Ọ̀rẹ́ wo gan-an ni mo ń bẹ̀rù láti pàdánù?

Ọlọ́pàá sún tàdáwà sí mi pé kí n tẹ àtàǹpàkò. Inú bí mi. Mo ní ta ló sọ fún un pé mi ò mọ̀wé. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní bírò. Ó ń pe òyìnbó, mo ń kọ ọ́. Mo gbọ́ èyí tó yé mi nínú rẹ̀: pé mo ti dárí jì, pé èmi àti ọmọ mi kò ní bèèrè ohunkóhun mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí ayé. Èyí tí kò yé mi, mo kọ ọ́ bí ó ṣe pè é, mo sì rora fa ìlà sábẹ́ orúkọ mi bí tíṣà wa ní abúlé ṣe kọ́ wa. Ọlọ́pàá náà gbé ìwé náà sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín mà dáa o." Inú mi dùn. Ọmọ mi wà ní Ara tó ń ké, inú mi dùn pé ọwọ́ mi dáa.

Iṣu mẹ́wàá, kẹ́ẹ̀gì epo kan, owó ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí wọ́n fún wa nìyẹn. Mo jáde sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé mi padà sí Ara. Bọ́ọ̀sì yẹn jáde nínú àgọ́, gbogbo wọn wà nínú rẹ̀ àyàfi Alífà. Ó kọjá níwájú mi. Kò dúró gbé mi.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo lọ ṣe onídùúró fún bíríkìlà ẹlẹgbẹ́ mi kan ní àgọ́ ọlọ́pàá mìíràn. Ta ni mo bá lórí ilẹ̀ níbẹ̀? Bàbá arúgbó yẹn ni. Fìlà kan náà, ikọ́ kan náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń sunkún, wọ́n ní òun ni bàbá dẹ́rẹ́bà tó gbá ìyàwó ọkùnrin náà. Mo dúró, mo ń wò ó. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó tún gbójú padà sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Mo fẹ́ sọ fún ọkùnrin yẹn kó má gbà, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo, ìdí tó fi wúwo ni mo ń bọ̀ wá sọ.

Tí ìwé ìdáríjì bá dé ọwọ́ rẹ, pàápàá èyí tí wọ́n kọ dáadáa, má wo ọwọ́ ìkọ̀wé. Bi ẹni tó kọ ọ́ pé àwọn wo ló dúró lé e lórí nígbà tó ń kọ ọ́, ta ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ta ló sì lọ gbé ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wá. Mi ò ní kí o má dárí ji èèyàn láyé rẹ. Ìdáríjì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó fara pa ni kó dárí jì, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ tó sì mọ ohun tó ń fi sílẹ̀. Kì í ṣe bàbá rẹ̀, ní àgọ́ ọlọ́pàá, lọ́jọ́ kẹta.

O rántí obìnrin lọ́yà tí mo mọ ògiri ilé rẹ̀ n'Ílú Ẹdẹ, nígbà tí o wà ní ìwé kẹfà? O gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn iléèwé. Ó ń wò ọ́ bí o ṣe ń tiro lọ títí o fi dé ẹnu géètì. Ó wá bi mí. Mo ròyìn ohun gbogbo fún un, àfi ẹyọ ohun kan. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ìwé ọsibítù wà? Mo ní kò sí. Ṣé mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀? Mo ní rárá. Ṣé mo fọwọ́ sí ohunkóhun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Bàbá Mùínátù, owó gbà-má-bínú ọmọ yẹn kì bá tí ti àpò dẹ́rẹ́bà jáde."

Mo ní báwo. Ó ní òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì ní ìnṣọ́ránsì fún ẹni tó bá ṣe léṣe, pé tí a bá ti fi ẹ̀rí hàn pé dẹ́rẹ́bà ló jẹ̀bi, iléeṣẹ́ náà ni a máa bèèrè owó lọ́wọ́ wọn. Irú iléeṣẹ́ tí o ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Alífà bẹ̀ mí nítorí dẹ́rẹ́bà tálákà. Èmi náà ṣàánú dẹ́rẹ́bà tálákà, nítorí tálákà ni mí. Kò sì sí ẹni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà yẹn. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ fún, kó lè tètè padà sójú títì. Ọmọ mi ń tiro kí bọ́ọ̀sì má baà pàdánù èrò ọjọ́ méjì sí i.

Jẹ́ olóòótọ́ sí àwọn tó ń san owó oṣù rẹ. Má jí bírò wọn. Má gba rìbá lọ́wọ́ ẹni tó fara pa láti fi tì í síwájú. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde níwájú rẹ láìmọ ohun tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́, ní èdè tó gbọ́. Tó bá jẹ́ Yorùbá ló gbọ́, bá a sọ Yorùbá. Tí ọ̀gá rẹ bá bínú sí ìyẹn, jẹ́ kó bínú. Ilẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà nílé, ebi ò ní pa ọ́.

Lọ́yà náà sọ ohun kan sí i. Ó ní ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà lójú òfin. Ó ní ó lè jẹ́ pé ìwé tí bàbá kọ kò pa ẹ̀tọ́ ọmọ. Ó ní, "Mi ò ní sọ pé ẹjọ́ yìí ti kú, mi ò sì ní sọ pé ó wà láàyè. Tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún, ẹ ní kó wá bá mi fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí àkókò ní gbèdéke." O pé ọdún méjìdínlógún. O pé mọ́kàndínlógún. Ó ti di mẹ́tàlélógún báyìí. Mi ò sọ fún ọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí.

Kí Alífà àtàwọn yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọlọ́pàá ti bi mí pé, "Ta ló rán ọmọ ọdún méje sọdá títì?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán an, ó sáré ni. Ó wò mí. Ó ní tó bá dé kóòtù, wọ́n á bèèrè. Ibẹ̀ ni mo ti parí, Àníkẹ́. Nígbà tí bàbá arúgbó yẹn fi máa dọ̀bálẹ̀, èmi ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mi ò dárí ji ẹnikẹ́ni. Mo sá pamọ́ sábẹ́ ìdáríjì.

Èmi ni mo rán ọ. À ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní Sekọ́nà lọ́sẹ̀ yẹn, o tẹ̀ lé mi lọ nítorí ọlidé. Bọ́ọ̀lù kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, bátìrì kú. Mo ní kí o lọ ra méjì wá lọ́dọ̀ Ìyá Sàlámì ní òdì kejì. O ní, "Bàbá, ọkọ̀ pọ̀." Mo ní, "Ṣé èmi ni wàá kọ iṣẹ́ fún?" Mo lè dìde. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé. Mo jókòó.

O lọ. O rà á. Mo ń wò ọ́ nígbà tí o ń bọ̀. O dúró, o wo ọ̀tún, o wo òsì, o tún wo ọ̀tún bí mo ṣe kọ́ ọ. O rọra rìn. O ti sọdá tán, ẹsẹ̀ rẹ ti kúrò lórí ọ̀dà, kí bọ́ọ̀sì yẹn tó ya tírélà kan sílẹ̀ láti kọjá lára rẹ̀, tó sì wá bá ọ nínú iyẹ̀pẹ̀. Kí èrò tó pé, mo ṣí ìka rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mú bátìrì méjèèjì, mo kì wọ́n sápò.

Ní Ara, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, o lajú. Ohun tí o kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bàbá, ẹ má bínú, bátìrì yẹn ti sọnù." Wọ́n wà nínú àpò mi. Mo dá ọ lóhùn pé, "Kí ló dé tí o sáré?" Ọmọ ọdún méje máa ń gba bàbá rẹ̀ gbọ́. Kí oṣù yẹn tó parí, ìwọ fúnra rẹ ti ń sọ fún àwọn tó wá kí ọ pé o sáré ni.

Mo ti sọ fún ìyá rẹ láàárọ̀ yìí. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ sí Sekọ́nà lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá Sàlámì ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ṣùgbọ́n èkejì rí mi. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní, "O pẹ́ kí o tó dé." Ó ní òun máa jẹ́rìí. Ilé lọ́yà yẹn ṣì wà níbi tó wà, ògiri mi kò tíì sán.

Mi ò mọ̀ bóyá àkókò ti kọjá. Ìwọ ni kí o lọ bèèrè, ìwọ ni kí o sì pinnu, torí ẹsẹ̀ rẹ ni. Tí o bá ní ká lọ, màá tẹ̀ lé ọ. Tí wọ́n bá bèèrè ẹni tó rán ọ, màá ti dìde kí wọ́n tó bèèrè tán. Tí o bá ní o ò fẹ́, má lọ. Tí o bá ní o ò fẹ́ rí mi, màá dúró sí Alájùé.

Bátìrì méjèèjì ló wà nínú páálí kékeré tí dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Ìbàdàn máa fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí. Wọ́n ti jò, fọ ọwọ́ rẹ tí o bá ti mú wọn tán. Ìwọ lo rà wọ́n, o sì gbé wọn sọdá láìsọ wọ́n nù.

O ò sáré, Àníkẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàníyù.